Yíyọ Tíúbù Kúrò Nínú Ẹsẹ̀ Kẹ̀kẹ́: Téèpù ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Ọ̀pọ̀ nínú lẹ́tà tó wọlé lórí ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ lóṣù yìí ló ń béèrè ohun kan náà: bí ènìyàn ṣe lè yọ tíúbù kúrò nínú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ orí òkè, kí táyà máa gbé afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ bíi ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Mo mú márùn-ún nínú wọn. Ìdáhùn àkọ́kọ́ ló gùn jù, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà wà.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Sheffield ni mo ń gbé, mo sì máa ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí àwọn òkè Peak District ní òpin ọ̀sẹ̀. Láti ìgbà tí òtútù ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni táyà mi ti jò, ẹ̀gún ló sì fa gbogbo rẹ̀. Àwọn tí a jọ ń gùn ní kí n yọ tíúbù dànù, ṣùgbọ́n iye tí alátùn-únṣe kẹ̀kẹ́ àdúgbò wa dá lé e ga ju agbára mi lọ. Ṣé mo lè ṣe é nílé? 29 x 2.4 ni wọ́n kọ sára táyà mi, inú ríìmù náà sì fẹ̀ tó mìlímítà 30.

ÌDÁHÙN: Ẹ lè ṣe é nílé. Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan àti òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tó fún ẹsẹ̀ méjèèjì, bí ẹ kò bá kánjú nídìí téèpù. Mo tètè dárúkọ téèpù nítorí pé òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fojú kéré, tí wọ́n á sì máa bú táyà nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń sá lọ.

Ẹ̀gún tí ẹ ń sọ yẹn ní àsìkò tirẹ̀. Igi ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n ń pè ní hawthorn ni wọ́n fi ṣe ọgbà yí oko ká ní ọ̀pọ̀ ibi ní England. Yàtọ̀ sí ìdí pàtàkì díẹ̀, òfin kò gba àgbẹ̀ láàyè láti gé e láti ọjọ́ kìíní oṣù March títí di ọjọ́ 31 oṣù August, nítorí àwọn ẹyẹ tó ń yé sínú rẹ̀. Bí September bá ti dé, ẹ̀rọ a bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ ẹ, ẹ̀ka wẹ́wẹ́ a sì fọ́n ká ojú ọ̀nà tí ẹ̀yin ń gbà. Ihò tí ẹ̀gún yìí ń dá sí táyà kò tóbi ju ti abẹ́rẹ́ ìránṣọ lọ, irú ihò bẹ́ẹ̀ gan-an ni táyà tí kò ní tíúbù sì ń dí fúnra rẹ̀. Omi funfun kan bíi wàrà ló wà nínú rẹ̀, oje rọ́bà pẹ̀lú èérún wẹ́wẹ́. Ẹ jẹ́ kí a máa pè é ní omi adíhò. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ń gbìyànjú láti sá gba ihò náà jáde, á gbá omi yìí dání, omi náà á sì dì síbẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ kì í mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Àǹfààní kejì ni pé kò sí tíúbù tí òkúta àti ríìmù yóò há mọ́ àárín mọ́. Ihò méjì tí ẹ máa ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lára tíúbù, bí ojú eyín ejò, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wá. Nígbà tí èyí kò bá sí mọ́, ẹ lè dín afẹ́fẹ́ kù, kí táyà lè rọ̀ mọ́ òkúta àti gbòǹgbò dípò kó máa ta lórí wọn.

Ní ọdún 1999 ni Mavic tó ń ṣe ríìmù, pẹ̀lú Hutchinson àti Michelin tó ń ṣe táyà, gbé ríìmù àti táyà tí kò ní tíúbù, èyí tí wọ́n pè ní UST, jáde fún kẹ̀kẹ́ orí òkè. Ríìmù tiwọn kò ní ihò sípókù lójú inú rárá, nítorí náà kò nílò téèpù. Èyí tí púpọ̀ nínú wa ń lò lónìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ihò 28 tàbí 32 ló sábà máa ń wà nínú ríìmù wa, téèpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló sì wà láàárín afẹ́fẹ́ àti gbogbo ihò wọ̀nyẹn.

Kí ẹ tó náwó, ẹ wo ara ríìmù àti ara táyà bóyá wọ́n kọ «Tubeless Ready», TLR tàbí TR sí i, ìyẹn ni pé wọ́n ṣe é láti lò láìsí tíúbù. Àwọn méjèèjì ló yẹ kó ní i. Táyà tí wọn kò ṣe fún un lè bọ́ kúrò lórí ríìmù nígbà tí ẹ bá ń sáré sọ̀kalẹ̀ òkè, mi ò sì ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn kó fi eyín rẹ̀ dán an wò. Bí wọ́n bá ní àmì náà, ohun tó kù láti rà ni téèpù ríìmù, fáàfù méjì tí ìdí wọn jẹ́ rọ́bà tí irin inú wọn sì ṣeé yọ, omi adíhò, àti sírínjì kan láti fi fà á.

Téèpù gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju inú ríìmù lọ díẹ̀, nítorí pé kò dúró gbọọrọ: ó ń sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò àárín, ó sì tún ń gòkè sórí pèpéle kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì, níbi tí etí táyà yóò jókòó lé. Fún mìlímítà 30 tiyín, èyí tó fẹ̀ tó 33 tàbí 34 yóò ṣe é. Bí ó bá kéré jù, kò ní bo pèpéle. Bí ó bá tóbi jù, yóò gun ara ògiri ríìmù, etí táyà yóò sì máa ká a kúrò. Ríìmù 29, èyí tí àmì 622 wà lára rẹ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà méjì yípo, nítorí náà ìdì onímítà 10 yóò tó ẹsẹ̀ mẹ́rin. Téèpù tí a fi ń dí páálí kò lè ṣe iṣẹ́ yìí.

Ẹ yọ táyà, tíúbù àti ọ̀já rọ́bà tó bo ihò sípókù tẹ́lẹ̀. Ẹ fi aṣọ tí ẹ rẹ sínú sípíríìtì nu inú ríìmù, kí ẹ máa yí aṣọ náà padà títí kò fi ní dúdú mọ́. Bí góòmù àtijọ́ bá kù síbẹ̀, èékánná ni kí ẹ fi ha á, kì í ṣe ọ̀bẹ. Nígbà tó bá ti gbẹ, ẹ jókòó, ẹ fi orúnkún méjèèjì di ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà mú, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ téèpù ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá ṣáájú ihò fáàfù. Ẹ máa fà á kó le bí awọ ìlù, kí ẹ máa fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ìwọ̀n ọwọ́ kan lẹ́ẹ̀kan. Ibi tí ẹ bá ti rí i tó hunjọ, ẹ má tàn ara yín pé táyà yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀; ẹ ṣí i padà, kí ẹ tún un fà. Nígbà tí ẹ bá yí i ká, ẹ kọjá ihò fáàfù ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá mìíràn kí ẹ tó gé e, kí ihò náà lè wà lábẹ́ ìpele méjì.  

Ihò fáàfù ló kàn. Ẹ mú ìṣó kékeré kan, ẹ na orí rẹ̀ sí iná títí yóò fi gbóná, kí ẹ sì fi gún téèpù láti inú wá, láàárín gbùngbùn ihò náà. Ooru yóò mú kí etí ihò náà dì róbótó, kò sì ní ya síwájú sí i.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí èmi ṣe é, ọ̀bẹ ìdáná ni mo fi la ibẹ̀ ní àgbélébùú. Mo ti fáàfù wọlé, mo da omi adíhò sí i, táyà wú, inú mi sì dùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, táyà ti rọ̀ bí ewé tí oòrùn pa, omi funfun sì ti kán sórí kápẹ́ẹ̀tì ìyàwó mi láti ìdí sípókù kan tó wà ní òdìkejì fáàfù pátápátá. Mo bú táyà, mo ra òmíràn, òun náà jò. Ó di ẹ̀ẹ̀kẹta kí n tó ṣí téèpù wò, tí mo rí i pé ojú ibi tí ọ̀bẹ ti là ni ó ti ya síwájú díẹ̀díẹ̀, tí afẹ́fẹ́ gba ibẹ̀ wọ inú ihò ríìmù, tó sì rìn kiri nínú rẹ̀ kó tó rí ọ̀nà jáde. Nítorí náà, bí ẹ bá da omi ọṣẹ sára ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, tí ẹ rí i tó ń hó nídìí sípókù tàbí nídìí fáàfù, ẹ má fọwọ́ kan táyà. Téèpù ni kí ẹ tún ṣe. Bí ó bá jẹ́ ara táyà ló ti ń hó wẹ́wẹ́, ẹ fi í sílẹ̀, omi adíhò yóò dí i.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gún ihò fáàfù, ẹ dá táyà àti tíúbù àtijọ́ padà sórí ríìmù, ẹ fún un ní afẹ́fẹ́, kí ẹ sì fi sílẹ̀ di òwúrọ̀. Tíúbù yẹn yóò tẹ téèpù mọ́ ríìmù ju bí ọwọ́ yín ṣe lè tẹ̀ ẹ́ lọ. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ yọ táyà àti tíúbù náà, kí ẹ sì ti fáàfù tuntun gba ihò náà láti inú. Ìka ni kí ẹ fi yí nọ́ọ̀tì rẹ̀ le. Bí ẹ bá fi pílíásì yí i, ọjọ́ tí ẹ bá nílò láti yọ ọ́ nínú ẹrẹ̀ lórí òkè ni ẹ ó mọ ohun tí ẹ ṣe. Ẹ wo ọfà tó wà lára táyà, kí ẹ gbé e sọ́nà tó tọ́, kí ẹ sì ti etí rẹ̀ méjèèjì sínú kòtò àárín ríìmù kó lè rọrùn láti wọlé. Ẹ fi omi ọṣẹ pa etí rẹ̀, ẹ yọ irin inú fáàfù kí afẹ́fẹ́ lè rí àyè wọlé lójijì, kí ẹ sì fi pọ́ǹpù fún un kíákíá. Ẹ ó gbọ́ ìró pọ́, pọ́, bí etí táyà ṣe ń fò gun pèpéle. Ẹ má gbé ojú súnmọ́ ọn, ẹ má sì kọjá iye afẹ́fẹ́ tí wọ́n kọ sára táyà tàbí ríìmù. Èyí tó bá kéré nínú méjèèjì ni kí ẹ tẹ̀lé. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lára táyà, lókè ríìmù. Bí ó bá jìnnà sí ríìmù bákan náà yípo, táyà ti jókòó.

Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde, ẹ mi ìgò omi adíhò dáadáa nítorí èérún rẹ̀ máa ń rì sísàlẹ̀, ẹ fi sírínjì fa mílílítà 100 sí 120, kí ẹ sì rọ ọ́ gba inú fáàfù wọlé. Ẹ dá irin inú rẹ̀ padà, ẹ fún un ní afẹ́fẹ́, ẹ yí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà, ẹ mì í, kí ẹ wá gbé e dùbúlẹ̀ lórí garawa, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lápá ọ̀tún, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lápá òsì. Bí afẹ́fẹ́ bá dín díẹ̀ ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ẹ fi kún un. Gígun tí ẹ bá gùn ún ni yóò parí iṣẹ́ náà.

ÌBÉÈRÈ: Houston ni mo wà. Mo ṣe gbogbo rẹ̀ bí wọ́n ṣe ní kí a ṣe é, téèpù mi sì dára, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń fi pọ́ǹpù fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i ni ó ń gba ẹ̀gbẹ́ táyà jáde. Apá ń ro mí. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sinmi ná. Táyà tuntun tí wọ́n ká sínú páálí ló sábà máa ń ṣe báyìí, nítorí pé etí rẹ̀ ti wọ́, kò sì fara kan ríìmù yípo. Ẹ fi tíúbù sínú rẹ̀, ẹ fún un ní afẹ́fẹ́ títí etí méjèèjì yóò fi gun pèpéle, kí ẹ sì fi í síbi tó móoru di ọjọ́ kejì. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ yọ tíúbù náà, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni kí ẹ ṣí. Ẹ fa tíúbù gba ibẹ̀ jáde, kí ẹ sì rọra dá fáàfù tuntun padà láìjẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ kejì mì. Ìdajì iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ kan péré ló kù kí afẹ́fẹ́ lé sókè.

Bí ó bá ṣì kọ̀, ẹ wá ẹni tó ní kọ̀mpírẹ́sọ̀. Pọ́ǹpù tó ní táǹkì lára, tí ẹ ó kọ́kọ́ kó afẹ́fẹ́ sí kí ẹ tó tú u sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, dára púpọ̀, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò kéré. Mi ò ní rà á nítorí kẹ̀kẹ́ kan. Ẹ ṣọ́ra fún agolo kékeré tó ní gáàsì CO2. Ó tutù púpọ̀ nígbà tó bá ń jáde, àwọn omi adíhò kan sì máa ń dì nítorí rẹ̀. Bí òun nìkan lẹ bá ní, ẹ fi gbé táyà jókòó kí ẹ tó da omi náà sí i, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London fi kẹ̀kẹ́ orí òkè ránṣẹ́ sí mi ní Ìbàdàn, ó sì ní kò ní tíúbù nínú. Kí kọ̀ńténà tó dé, táyà méjèèjì ti rọ̀ pẹlẹbẹ. Fọkanáísà tó wà ní ìta wa sọ pé òun kò rí irú fáàfù yìí rí. Ṣé kí n wá tíúbù sí i ni?

ÌDÁHÙN: Fọkanáísà yín mọ iṣẹ́ yìí ju bí ó ṣe rò lọ, nítorí pé táyà ọkọ̀ tí ó ń pè ní túbúlẹ́ẹ̀sì lójoojúmọ́ kò ní tíúbù bákan náà. Fáàfù ni ó jẹ́ àjèjì sí i. Presta ni wọ́n ń pè é: ó tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti ọkọ̀ lọ, ó sì ní nọ́ọ̀tì bíńtín lórí tí a gbọ́dọ̀ tú sókè kí afẹ́fẹ́ tó lè wọlé. Adápítọ̀ kékeré kan wà tí a ń yí mọ́ orí rẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ á sì bá okùn kọ̀mpírẹ́sọ̀ mu. Ẹ ní kí ẹ̀gbọ́n yín fi méjì ránṣẹ́, nítorí ọ̀kan yóò sọnù, pẹ̀lú ìgò omi adíhò kan.

Ẹ ṣí táyà, ẹ ó bá omi àtijọ́ níbẹ̀ tó ti gbẹ bí awọ tẹ́ẹ́rẹ́ sára rẹ̀. Ẹ bó o kúrò, kí ẹ sì wo téèpù kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Nígbà tí ẹ bá gbé e dé ọ̀dọ̀ fọkanáísà, ẹ dúró tì í. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú táǹkì rẹ̀, ti ọkọ̀ akẹ́rù ni. Kó máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa wo gééjì.

Ooru ló yẹ kí ẹ rò sí jù. Ní ilẹ̀ òtútù, omi adíhò lè lo oṣù mẹ́ta, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ooru máa ń tètè gbẹ ẹ́. Lọ́dọ̀ yín, bí ó bá ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ yọ irin inú fáàfù, ẹ ti ẹyọ igi ìgbálẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ̀ ọ́, kí ẹ wò ó bí ènìyàn ṣe ń wo epo nínú ẹ́ńjìnì. Kí n sọ òótọ́ fún yín: bí kò bá sí ẹni tí yóò máa fi omi náà ránṣẹ́ déédéé, tíúbù ni kí ẹ lò, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wá èyí tó ní fáàfù tẹ́ẹ́rẹ́. Tíúbù tó ní fáàfù sísanra bíi ti ọkọ̀ kò ní wọ ihò ríìmù yín, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi dírílì fẹ ihò náà.

ÌBÉÈRÈ: Kìlò 80 ni mo wọ̀n, táyà mi sì jẹ́ 29 x 2.4. Nígbà tí mo ń lo tíúbù, afẹ́fẹ́ tó jẹ́ psi 35 lórí gééjì ni mo máa ń fi sí i. Mélòó ni kí n fi sí i báyìí?

ÌDÁHÙN: Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti psi 23 níwájú àti 26 lẹ́yìn. Ẹ wá ọ̀nà kan tó ní òkúta, tí ẹ mọ̀ dáadáa, kí ẹ máa dín psi kan kù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá gbọ́ tí òkúta kan ríìmù, gbà, tàbí tí táyà ń yẹ̀ lábẹ́ yín nígbà tí ẹ bá ń yà, ẹ ti dín in jù. Ẹ fi méjì kún un, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Gééjì kan ṣoṣo ni kí ẹ máa lò, nítorí gééjì méjì kì í sábà sọ iye kan náà.

ÌBÉÈRÈ: Ìgò tó fọ́ la táyà mi, omi funfun náà tú dà sílẹ̀. Mo ti gbọ́ pé kí ènìyàn máa gbé tíúbù kan dání, mo sì fi sí i. Kò tíì pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí tíúbù tuntun náà fi jò. Kí ló fà á?

ÌDÁHÙN: Bí ìlà náà kò bá ju mìlímítà mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ, okùn rọ́bà tí àwọn fọkanáísà ń tì bọ táyà ọkọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú, wọ́n ń ta èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ fún kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú irin tí a fi ń tì í wọlé, ẹ kò sì ní ṣí táyà rárá. Tíúbù wà fún ìgbà tí èyí bá kọ̀.

Ní ti ìdí tó fi jò: gbogbo ẹ̀gún tó ti gún táyà yín láti ọjọ́ tí ẹ ti yọ tíúbù ṣì wà nínú rẹ̀. Omi adíhò kì í yọ ẹ̀gún, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ó ń dí, ṣóńṣó rẹ̀ á sì yọrí sínú táyà láìsí ohun tí yóò gún, títí di ọjọ́ tí ẹ bá ti tíúbù rírọ̀ lé e lórí. Ní oṣù February tó kọjá, mo ṣí táyà ẹ̀yìn mi lórí tábìlì ìdáná, mo sì ka ẹ̀gún mọ́kàndínlógún nínú rẹ̀. Ọ̀kan péré ni mo mọ ọjọ́ tó wọlé. Nítorí náà, kí ẹ tó fi tíúbù sí i lójú ọ̀nà, ẹ fi ìbọ̀wọ́ tàbí aṣọ nípọn bo ọwọ́, ẹ fi ra inú táyà yípo ní ẹ̀ẹ̀mejì, kí ẹ sì fi pílíásì kékeré fa gbogbo èyí tó bá kọ́ aṣọ yín láti inú. Èyí tí ẹ kò bá lè fà jáde, ẹ gé ṣóńṣó rẹ̀ kúrò.